Ilé-ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ọkọ̀ òfurufú: kí ni èéfín bàálù lè ṣe fáwọn ọmọ?

Tíṣà_ÒkèFìà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú ilé yìí. Ẹgbẹ́ òbí kan ní Òṣogbo fẹ́ ra ilẹ̀ sí ọ̀nà Ìdó-Ọ̀ṣun láti fi kọ́ ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ náà kò ju kìlómítà 2 sí ibi tí rọnwéè pápá ọkọ̀ òfurufú ibẹ̀, ìyẹn títì tí bàálù ń sá lórí rẹ̀, parí sí. Ọ̀rọ̀ ìgbà tí pápá náà yóò ṣí, àti bóyá ibẹ̀ náà ni yóò wà, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fáwọn olóṣèlú. Ká ṣáà gbà pé bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í bà síbẹ̀ lọ́la.

Kí ló ń jáde nídìí bàálù gan-an? Báwo ló ṣe ń rìn jìnnà tó? Ṣé ó lè ṣe àwọn ọmọ ní nǹkan, irinṣẹ́ wo la sì lè fi wọ̀n ọ́n kí owó tó kúrò lọ́wọ́? Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ tún ń béèrè bóyá òótọ́ ni pé bàálù wà lára ohun tó ń mú ayé gbóná. Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ fún wa, kì í ṣe "wọ́n ní".

Ẹnjiníà_Tọ́báìnì

Tíṣà, ẹ kú àròjinlẹ̀. Epo ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Jet A-1 tí bàálù ńlá ń jó, ọmọ ìyá ni òun àti kẹrosíìnì tí à ń rọ sínú sítóòfù. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n ń ṣọ́ ọ lójú méjèèjì: omi ò gbọdọ̀ wà nínú rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dì títí òtútù á fi dé dígírì 47 sábẹ́ òdo. Kìló 1 epo yìí, bó bá jó tán, á di CO2 kìló 3.16 àti oru omi tó tó kìló 1.24. Kẹ́ ẹ má rò pé ìṣirò náà dàrú nítorí pé ohun tó jáde wúwo ju ohun tó wọlé. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló kún un.

CO2 àti oru omi kì í ṣe ọ̀tá àyà ọmọ. Àwọn yòókù ló ń ṣiṣẹ́ ibi ní tòsí: NOx (àwọn gáàsì tí naitirójìn àti ọ́síjìn so pọ̀ di), carbon monoxide, epo tí kò jó tán, èérún dúdú, àti imí-ọjọ́. Òfin epo náà gbà kí imí-ọjọ́ tó ìdá 0.30 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn sì pọ̀ gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti dísù tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù lóde òní.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà ni pé wọ́n gbà pé ìgbà tí bàálù bá ń ké ramúramù láti gbéra ló ń da gbogbo ìdọ̀tí sílẹ̀. Àjọ ICAO, tó ń ṣètò ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú lágbàáyé, pín ohun tí bàálù ń ṣe nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 3,000 sí ọ̀nà mẹ́rin fún ìdánwò ẹ́ńjìnnì. Rírìn lórí ilẹ̀ gba ìṣẹ́jú 26, agbára ẹ́ńjìnnì kò sì ju ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Gbígbéra gba ìṣẹ́jú-àáyá 42 péré pẹ̀lú agbára tó kún. Gígùnkè gba ìṣẹ́jú 2.2 pẹ̀lú ìdá 85. Bíbọ̀ wálẹ̀ gba ìṣẹ́jú 4 pẹ̀lú ìdá 30. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń rọra rìn nílẹ̀, ikùn rẹ̀ kò gbóná tó, epo kì í jó tán, carbon monoxide àti òórùn kẹrosíìnì tí ẹ ń gbọ́ létí pápá a sì pọ̀. Bó bá di gbígbéra, ooru inú rẹ̀ á ga débi pé naitirójìn àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ fúnra wọn á so pọ̀, NOx a sì yọ. Nítorí náà, bàálù tó bá tò fún ìgbà pípẹ́ ń dààmú àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí bàálù ń dúró sí. Èyí tó ń gbéra ń dààmú àwọn tó wà lẹ́nu rọnwéè.

Ẹ má gbàgbé ẹ́ńjìnnì kékeré tó wà nídìí ìrù, APU, tó ń fún bàálù níná àti afẹ́fẹ́ tútù nígbà tó bá dúró. Ti Boeing 737 lè jó epo tó tó kìló 100 lọ sókè ní wákàtí kan. Pápá tó bá ní wáyà iná tí wọ́n lè fi sí bàálù lẹ́gbẹ̀ẹ́, APU kò ní láti ṣiṣẹ́ púpọ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ bi àwọn tó ń kọ́ pápá náà nìyẹn: ṣé iná á wà níbi tí bàálù ń dúró, àbí APU àti jẹnẹrétọ̀ dísù ni wọ́n á máa tàn ní gbogbo wákàtí?

Ní ti gíga, bàálù máa ń bọ̀ wálẹ̀ lórí dàgẹ̀rẹ̀ dígírì 3. Ní kìlómítà 2 sí ẹnu rọnwéè, kò ju mítà 120 lọ lókè orí ilé. Bí ilẹ̀ náà bá wà ní tààrà lójú ọ̀nà rọnwéè, ẹ óò máa ka nọ́ńbà abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀.

Afẹ́fẹ́_Ọ̀ṣun

Ẹnjiníà ti sọ ohun tó ń jáde. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ń lọ.

Èérún tí ẹ́ńjìnnì bàálù ń tú jáde kéré gan-an. Púpọ̀ nínú wọn kò ju nánómítà 10 sí 40 lọ (mílíọ̀nù kan nánómítà ló wà nínú mìlímítà 1), bẹ́ẹ̀ PM2.5, èérún inú afẹ́fẹ́ tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀, lè tó nánómítà 2,500. Èérún tín-ín-tìn-ìn-tín báyìí máa ń wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, òmíràn nínú wọn sì ń gba ibẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ìwádìí tó jáde ní 2014 nípa pápá Los Angeles rí i pé iye èérún yìí di ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ títí dé kìlómítà 16 níhà ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ. Los Angeles ń gba bàálù bíi ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ lóòjọ́, nítorí náà ẹ má kó nọ́ńbà yẹn wá sí Ọ̀ṣun bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀ ni ọ̀nà tó ń gbà dé ilẹ̀: afẹ́fẹ́ tí ìyẹ́ bàálù ń yí bí ìjì kékeré nígbà tó ń bọ̀ wálẹ̀ máa ń gbé èéfín náà sọ̀ kalẹ̀ sórí àwọn tó wà nísàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Nílẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ oṣù òjò ni atẹ́gùn ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wá. Nígbà ọ̀yẹ́, àríwá ìlà-oòrùn ló ti ń bọ̀. Bàálù sì máa ń kọjú sí atẹ́gùn láti bà àti láti gbéra. Ẹni tó bá wà níhà àríwá ìlà-oòrùn pápá, nígbà òjò, bàálù á máa gba orí rẹ̀ wálẹ̀, èéfín gbogbo pápá á tún máa fẹ́ wá bá a. Méjèèjì á pàdé lórí rẹ̀. Bí ọ̀yẹ́ bá dé, ọ̀rọ̀ á yí sí òdìkejì, ṣùgbọ́n oṣù ọ̀yẹ́ kéré. Ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n kùn sórí rọnwéè: fi 10 sọ ọ́ di púpọ̀, dígírì kọ́ńpáàsì tí bàálù ń kọjú sí nìyẹn. Níbi tí wọ́n bá kọ 04 sí, àríwá ìlà-oòrùn ni wọ́n ń kọjú sí. Òdìkejì rẹ̀ á jẹ́ 22. Ẹ fi kọ́ńpáàsì fóònù dúró lórí ilẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ rà kẹ́ ẹ wò ó.

Irinṣẹ́ ńkọ́? Ibi tí owó ń ṣòfò jù nìyí. Ẹ̀rọ PM2.5 kékeré tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń fi iná lésà ka èérún, kò sì lè rí ohun tó kéré ju nánómítà 300 lọ. Bàálù á kọjá lórí yín, ẹ̀rọ náà á ní kò sí nǹkan kan. Ní ọjọ́ kejì, eruku ọ̀yẹ́ dé, ó gun òkè lójijì. Òwúrọ̀ tí ìrì pọ̀, ó tún gun òkè, nítorí pé omi ló ń kà bí èérún. Ẹ ó wá máa bínú sí bàálù nítorí ìrì. Ẹ̀rọ tó ń ka èérún tín-ín-tìn-ìn-tín wà, ó máa ń fi oru ọtí àbí ti omi wú wọn di ńlá kó tó kà wọ́n, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe ti ilé-ìwé. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní 2021 ní èérún tí kò tó 1,000 nínú sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́ta kan ló kéré. 10,000 fún odidi ọjọ́ kan tàbí 20,000 fún wákàtí kan ló pọ̀.

Èyí tí agbára yín ká ni ọ̀pá tó ń wọn NO2, ọ̀kan lára àwọn NOx. Ọ̀pá rọ́bà kékeré ni, kò lo iná. Ẹ gbé e kọ́ sí gíga mítà 2 sí 4, ẹnu rẹ̀ á dojú kọlẹ̀, kó jìnnà sí ògiri àti jẹnẹrétọ̀, fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Lẹ́yìn náà ẹ dé e, ẹ kó o lọ sí lábọ́. Ẹ dá ẹyọ kan sí tẹ́ ẹ kò ní ṣí rárá, òun ni wọ́n á fi mọ̀ bí ìdọ̀tí bá ti wà nínú wọn tẹ́lẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka kẹ́mísírì ní UNIOSUN tàbí OAU bóyá wọ́n lè bá yín ka á. Ìwọ̀n WHO fún NO2 lọ́dún kan jẹ́ máíkírógíráàmù 10 nínú mítà onígun mẹ́ta. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, nígbà òjò àti nígbà ọ̀yẹ́, kí bàálù tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe rí tẹ́lẹ̀, kò ní rí ohun tó máa fi jà nígbà tó bá yí padà.

Ará_ÒgoOlúwa

Ẹ̀yin ará, ẹ wò ó, èmi kò ta kò yín o. Ṣùgbọ́n bàálù méjì tàbí mẹ́ta lóòjọ́ ní Ọ̀ṣun, ṣé ó tó jẹnẹrétọ̀ ilé-ìwé fúnra rẹ̀? Ọ̀kadà ńkọ́? Ẹni tó ń mí "I better pass my neighbour" ní gbogbo ọ̀sán, tí ẹ wá ń bá sọ̀rọ̀ nánómítà.

Afẹ́fẹ́_Ọ̀ṣun

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kò purọ́, mo sì fara mọ́ ọn. Bí bàálù bá mọ níwọ̀n bẹ́ẹ̀, jẹnẹrétọ̀ àgbàlá á gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń po ọ́ìlì mọ́ pẹ́tírò, ìpín 1 sí 50 ni púpọ̀ nínú wọn ń fẹ́, ìyẹn mìlílítà 20 sí lítà 1. Àwọn ọmọ wa máa ń bu ọ́ìlì sí i lójú lásán, ó di ìlọ́po méjì, ó ń tú èéfín búlúù, púlọ́ọ̀gì ń kú. Kẹ́ ẹ gbé e jìnnà sí fèrèsé tó mítà 6 ó kéré tán, kẹ́nu sàlẹ́ńsà rẹ̀ kọjú síbi tí atẹ́gùn ń lọ. Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀, ẹ lè pa á. Ẹ kò lè pa rọnwéè.

Ọmọ_ÌsàlẹỌ̀ṣun

Mo dúpẹ́ o. Ìlà funfun tó máa ń wà lẹ́yìn bàálù lójú ọ̀run ńkọ́? Wọ́n ń pín fídíò kan lórí WhatsApp pé kẹ́míkà ni wọ́n ń dà lé wa lórí.

Ẹnjiníà_Tọ́báìnì

Yìnyín ni. Oru omi tó jáde látinú ẹ́ńjìnnì bọ́ sínú afẹ́fẹ́ tó tutù ju dígírì 40 sábẹ́ òdo lọ, ó rọ̀ mọ́ èérún dúdú, ó sì di yìnyín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ bá gbẹ, ìlà náà á pòórá kíákíá. Bó bá kún fún ọ̀rinrin, á tàn kálẹ̀ di àwọsánmà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Ìdí tá a kì í fi í rí i púpọ̀ lókè Òṣogbo kò ṣòro. Òkè ilẹ̀ olóoru gbóná ju ti Yúróòpù lọ. Ibi tí tiwọn ti tutù tó, tiwa kò tíì tó títí wàá fi gun nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 34,000 sí 35,000. Yàtọ̀ síyẹn, Òṣogbo jìnnà sí pápá Ìkẹjà ní nǹkan bí kìlómítà 190 bí ẹyẹ ṣe ń fò. Bàálù tó ń bọ̀ láti àríwá máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ ní tòsí ibẹ̀ yẹn.

Ìlà yẹn kì í pa ẹnikẹ́ni lára. Ojú ọjọ́ ló ń bá jà. Ní ọ̀sán, ó ń dá ìtànṣán oòrùn padà, ó sì tún ń sé ooru ilẹ̀ mọ́. Lóru, kò sí oòrùn láti dá padà, ooru nìkan ló ń sé mọ́. Ìṣirò tó jáde ní 2021 sọ pé bàálù ló ni nǹkan bí ìdá 2.4 nínú ọgọ́rùn-ún CO2 tí èèyàn ń tú sáfẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n bí a bá ka ìlà funfun àti NOx mọ́ ọn, ìpín bàálù nínú ooru tí èèyàn ń kó bá ayé jẹ́ nǹkan bí ìdá 3.5. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ooru tiwọn kì í ṣe láti ọwọ́ CO2 rárá. NOx lókè máa ń dá ósónù sílẹ̀ tó ń gbóná, ó sì máa ń jẹ mẹ́tẹ̀nì díẹ̀ tó ń tutù; èyí tó ń gbóná ló borí.

Ó dùn mọ́ mi nínú pé apá ìlà funfun yìí ṣeé tún ṣe láìpẹ́. Ìrìn bàálù díẹ̀ ló ń dá èyí tó pọ̀ jù lọ sílẹ̀, àwọn tó bá kọjá nínú ìpele afẹ́fẹ́ tó tutù tó sì lọ́rinrin. Ní 2023, Google àti American Airlines dán an wò lórí ìrìn 70: awakọ̀ gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ láti yẹra fún ìpele yẹn, ìlà náà sì dín kù ní ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún. Epo tí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ kò ju nǹkan bí ìdá 2 lórí àwọn ìrìn náà. Epo tuntun tí wọ́n ń fi ọ̀rá àti òróró tí wọ́n ti lò ṣe tún ń ràn án lọ́wọ́, nítorí èérún dúdú rẹ̀ kéré. Bí èérún bá kéré, yìnyín á kéré. Ṣùgbọ́n òfin kò tíì gbà kí wọ́n pò ó ju ìdá 50 lọ mọ́ Jet A-1, ó sì wọ́n.

Fún ẹni tó fẹ́ mọ ìpín tirẹ̀: 737 tó lọ láti Èkó sí Àbújá jó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 3. Fi 3.16 sọ ọ́ di púpọ̀, o ní CO2 tọ́ọ̀nù 9.5. Bí èrò 120 bá wà nínú rẹ̀, kìló 79 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lítà pẹ́tírò 1 ń di CO2 kìló 2.3, nítorí náà èrò kọ̀ọ̀kan dà bí ẹni tó jó lítà 34, ó ju kẹ́ẹ̀gì 25 kan lọ fún ìrìn wákàtí kan. Bí ìdajì ìjókòó bá ṣófo, ẹ fi 2 sọ nọ́ńbà náà di púpọ̀. Ìyẹn ni mo fi ń rẹ́rìn-ín bí ìpínlẹ̀ gbogbo ṣe fẹ́ ní pápá tirẹ̀. Ètò CORSIA ti ICAO, tó ń mú ilé-iṣẹ́ bàálù san fún ìdọ̀tí tó bá lé sí i, ìrìn láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn nìkan ló kàn. Èkó sí Àbújá kò sí níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Ìlera

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Tíṣà, gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ èéfín, ṣùgbọ́n fún ilé-ìwé, ariwo ni ẹ óò kọ́kọ́ rí.

WHO ní 2018 ní kí ariwo bàálù má ju 45 dB (dB ni òṣùwọ̀n ariwo) lọ lóòjọ́ tàbí 40 dB lóru; ohun tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ máa ń da oorun rú, ó sì ń ti ẹ̀jẹ̀ ríru lẹ́yìn. Inú kíláàsì, 35 dB ni wọ́n ń wá kí ọmọ tó lè gbọ́ olùkọ́ dáadáa. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní tòsí pápá London, Amsterdam àti Madrid, tó jáde ní 2005, rí i pé bí ariwo bàálù bá ṣe ń pọ̀ sí i ní ilé-ìwé, bẹ́ẹ̀ ni òye ìwé kíkà àwọn ọmọ náà ń rẹlẹ̀ sí i. Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ ni pé olùkọ́ á dákẹ́ títí bàálù á fi kọjá, ọmọ á sọ ọ̀rọ̀ nù, olùkọ́ á tún bẹ̀rẹ̀.

Ní ti èérún, ọmọ máa ń mí ju àgbà lọ ní ìwọ̀n ara rẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ sì ń dàgbà lọ́wọ́. Ọmọ tó ní ikọ́ fée, ìyẹn asímà, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò. Ìwádìí 2020 kan ní tòsí Los Angeles tún so èérún bàálù pọ̀ mọ́ bíbímọ láìpé oṣù, nítorí náà ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ aboyún náà wà níbẹ̀.

Ìbéèrè kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè: ṣé ilé-ẹ̀kọ́ awakọ̀ bàálù á wà ní pápá náà? Jet A-1 kò ní òjé. Ṣùgbọ́n bàálù kékeré onípísítìnì, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ́ awakọ̀, ń mu epo kan tí wọ́n ń pè ní 100LL, òjé inú rẹ̀ lè tó gíráàmù 0.56 nínú lítà 1. Cessna 172 ń mu nǹkan bíi lítà 32 ní wákàtí kan. Ìyẹn lè tó gíráàmù 18 òjé. Akẹ́kọ̀ọ́ awakọ̀ kì í sì í lọ síbì kankan, ó ń yí po lórí ibì kan náà ni, ó ń bà, ó ń gbéra. Ìwádìí 2021 ní pápá Reid-Hillview ní California rí i pé òjé inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tó wà láàárín nǹkan bíi mítà 800 sí pápá ga ju ti àwọn tó jìnnà lọ. Ní October 2023, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé òjé yìí ń wu ìlera léwu. Kò sí ìwọ̀n òjé tí kò lè ṣe ọpọlọ ọmọ ní nǹkan. Bí wọ́n bá ní ilé-ẹ̀kọ́ awakọ̀ ń bọ̀, ẹ béèrè irú epo tí wọ́n á lò. Àwọn bàálù kékeré kan wà tí ẹ́ńjìnnì wọn ń mu Jet A-1.

Tíṣà_ÒkèFìà

Olúwa á san án fún gbogbo yín. Ìbéèrè méjì ló kù. Bí wọ́n bá ti san àsansílẹ̀ owó ilẹ̀ ńkọ́, tí wọn ò lè padà sẹ́yìn, ilé wo ni kí wọ́n kọ́? Àti pé ibo la ti lè gbé ìbéèrè lọ bá ìjọba, kí wọ́n má bàa ní ká lọ jókòó?

Afẹ́fẹ́_Ọ̀ṣun

Ilé kọ́kọ́. Ẹ má lo lúfà. Lúfà kì í dé, ariwo ń gba àárín gíláàsì rẹ̀ wọlé bí ẹni tí kò rí ilẹ̀kùn. Fèrèsé tó ṣí díẹ̀ kì í gba ariwo kúrò ju nǹkan bí 15 dB lọ. Ti gíláàsì méjì tó dé gbọn-in lè gba 30. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí ẹ bá dé fèrèsé ní oṣù kẹta, inú kíláàsì á di ààrò, ẹ óò gbé AC sí i, ẹ óò tan jẹnẹrétọ̀ fún AC, ẹ ti tún ra èéfín padà. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí kíláàsì kọ ẹ̀yìn sí rọnwéè: ògiri búlọ́ọ̀kù ínṣì 9 tí kò ní fèrèsé níhà ibẹ̀, àti fèrèsé níhà kejì tó kọjú sí àgbàlá. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ilé ìdáná àti yàrá ìkẹ́rù ni kẹ́ ẹ kọ́ síhà rọnwéè kí wọ́n dí ariwo. Páànù láìsí sílìn kò dára. Òjò nìkan tó láti pa olùkọ́ lẹ́nu mọ́. Ẹ fi sílìn sí i, kẹ́ ẹ sì tẹ́ òwú gíláàsì sórí rẹ̀. Pápá eré náà, kó wà lẹ́yìn ilé, nítorí ìgbà tí ọmọ bá ń sáré ló ń mí jù.

Igi dára fún ojú àti òjìji, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tà á fún yín bí ohun tó ń dí ariwo bàálù. Ariwo ọkọ̀ ilẹ̀ ni igi lè dín kù díẹ̀. Ti bàálù òkè ló ti ń bọ̀.

Ní ti ìjọba: òfin EIA ọdún 1992 sọ ọ́ di dandan pé kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ipa àyíká fún pápá tí rọnwéè rẹ̀ bá tó mítà 2,500 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ àyíká máa ń gbé àbájáde rẹ̀ síta fún ọjọ́ iṣẹ́ 21 kí aráàlú lè kà á kí wọ́n sì kọ̀wé sí i. Ẹ kọ̀wé ní àsìkò yẹn, ẹ má dúró de ìpàdé ọba. Kí lẹ́tà yín béèrè ohun pàtó: àwòrán ìlà ariwo pápá náà (máàpù tó ń fi bí ariwo ṣe máa pọ̀ tó níbì kọ̀ọ̀kan hàn), iye bàálù tí wọ́n retí lóòjọ́ ní ọdún kìíní àti ọdún kẹwàá, bóyá wọ́n á fò lóru, ibi tí APU á ti máa ṣiṣẹ́, àti bóyá bàálù onípísítìnì á wà. Bí àwòrán ìlà ariwo kò bá sí nínú ìwé náà, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú lẹ́tà, kẹ́ ẹ sì so ìwọ̀n NO2 yín mọ́ ọn pẹ̀lú déètì tẹ́ ẹ gbé ọ̀pá kọ́ àti èyí tẹ́ ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Ìlera

Ẹ fi ẹ̀dà kan lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ètò ìlera ní Abéèrè. Kẹ́ ẹ sì gba sítáǹpù "a ti gbà á" sórí ẹ̀dà tiyín kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀.